Káńsù ní kí n kọ ètò oúnjẹ fún ìgbà àjálù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wéÈtò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣètò ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá fẹ́ ṣe, orí tábìlì mi ló ń balẹ̀ sí. Èyí tó balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé kí n kọ ètò tó máa sọ bí àwọn ará ìlú ṣe máa rí oúnjẹ jẹ bí àjálù bá dé: omíyalé, ìjì, iná, àjàkálẹ̀ àrùn, tàbí kí afárá kan ṣoṣo tó so wá pọ̀ mọ́ ìta já.

Ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú ni pé fáìlì méjì ni mo bá nílẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìlera. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn àdúgbò tí oúnjẹ jìnnà sí: ibi tí ọjà ò sí, ibi tí àwọn arúgbó ti ń dá gbé, àwọn ọmọ tó jẹ́ pé oúnjẹ ilé-ìwé nìkan ló ń yó wọn lójúmọ́. Ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka pàjáwìrì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n á kó èèyàn sá lọ ló kún inú rẹ̀, ìlà kan péré ló kan oúnjẹ: "A ó pèsè oúnjẹ." Ta ló máa pèsè é? Láti ibo? Ọkọ̀ ta ló máa gbé e? Kò sí níbẹ̀. Àwọn tó kọ fáìlì méjèèjì jọ ń lo àtẹ̀gùn kan náà láràárọ̀ ni o, ẹnì kan ò sì ka ti ẹnì kejì rí.

Ọ̀gá mi ti pinnu tirẹ̀: ká ra oúnjẹ rẹpẹtẹ, ká tò ó sí ilé ìkẹ́rù, kí alága káńsù wá ṣí i, kí wọ́n ya fọ́tò. Owó tó wà lọ́wọ́ ò sì tó nǹkan. Ṣé rírà náà ló yẹ? Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó máa tó? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ gbé e fún agbaṣẹ́ṣe. Owó rẹ̀ ò sí.

ÌyáSítọ́ọ̀:

Ọmọ mi, o káre. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ìjọba, mo sì ti bá wọn pín oúnjẹ lásìkò omíyalé àti lásìkò àrùn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹnu mi ti gbà mí láyè.

Má tíì ra ohunkóhun. Nígbà àjálù, kì í sábà jẹ́ pé oúnjẹ ló tán. Oúnjẹ wà níbì kan, ẹni tí ebi ń pa wà níbòmíràn, ohun tó wà láàárín wọn ló já: owó, ọ̀nà, epo ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́, tàbí àtẹ̀gùn tí ìyá arúgbó kan ò lè sọ̀ kalẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Amartya Sen, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lọ́dún 1998, ṣì wà lọ́mọdé nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Bengal, ní Íńdíà ìgbà yẹn, lọ́dún 1943. Nígbà tó dàgbà, ó padà lọ tú àkọsílẹ̀ ọdún náà wò, ó sì rí i pé ìkórè ò burú débi tí èèyàn fi yẹ kó máa kú lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù. Àwọn alágbàṣe oko àtàwọn apẹja wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀ jù, torí pé owó oúnjẹ fò sókè, owó iṣẹ́ wọn ò kúrò lójú kan. Ojú wọn ń rí oúnjẹ, apá wọn ò ká a.

Bí èyí bá ti pẹ́ jù fún ọ̀gá rẹ, sọ ti Puerto Rico fún un, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Ìjì Maria kọlù wọ́n lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, iná mànàmáná erékùṣù náà kú pátápátá. Láìpẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ́ńtínà ti tò sí èbúté San Juan, tòun ti oúnjẹ àti omi nínú wọn, wọn ò rí ibi gbà jáde. Awakọ̀ lọ́rì ò tó, dísù ò tó, igi àti wáyà ti dí ọ̀nà, tẹlifóònù ò sì ṣiṣẹ́ débi tí wọ́n á fi pe awakọ̀ wá sẹ́nu iṣẹ́. Ẹrù gun òkun kọjá, ẹnu ọ̀nà ló wá há sí.

Torí náà, gbé fáìlì méjèèjì sórí tábìlì kan. Ẹni tí kì í rí oúnjẹ jẹ dáadáa lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé ni ebi máa kọ́kọ́ pa lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú, o sì ti ní àdírẹ́sì rẹ̀ nínú fáìlì ẹ̀ka ìlera. Ìwọ wá máàpù, kó o sì fi ẹsẹ̀ rin wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Sàmì sí ibi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ àti ibi tí omi máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé. Sàmì sí gbogbo ibi tí ìkòkò ńlá àti iná wà: ilé ìdáná ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́. Pẹ́ńsù ni kó o lò, torí wàá pa á rẹ́ dáadáa.

Ìlà oúnjẹ máa ń parọ́ o. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ rírìn nìyẹn. Tó o bá dúró síbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan, tó o wo bí ìlà ṣe gùn tó, wàá rò pé ìlú ti jáde tán. Tún un wò. Àwọn géńdé ni, àti obìnrin tí ara rẹ̀ le, àtàwọn ọmọ tó lè sáré. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ò lè fi í sílẹ̀ wá tò. Adití ò gbọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè tẹ́ ẹ gbé kiri, afọ́jú ò rí pátákó yín. Ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ń sùn. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú rí aṣọ ìjọba lọ́rùn yín, ó yà bàrà gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nírọ̀lẹ́, ẹ ó kọ ọ́ sínú ìròyìn pé gbogbo ẹni tó wá ló rí gbà, òótọ́ sì ni.

Nítorí náà, ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wá ẹnì kan tó mọ ilẹ̀kùn àwọn tí kò lè jáde, àti ẹlòmíràn tó máa dípò rẹ̀ bí òun alára bá kó sínú àjálù náà. Orí ìwé ni kí orúkọ àti nọ́ńbà wọn wà. Bí iná bá kú, kọ̀ǹpútà ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Kí n tó gbàgbé, kọ́kọ́rọ́. Mo ti rí ilé ìkẹ́rù tó kún dé àjà rí, tí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wà ní òdìkejì odò, tí odò sì ti kún. Níkẹyìn, wọ́n fi ìdí àáké fọ́ àgádágodo, wọ́n sì fi ọjọ́ gbọọrọ kọ ìwé àlàyé lórí àgádágodo náà. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí ilé wọn má sì wà ní ẹ̀gbẹ́ odò kan náà. Kí ètò rẹ sọ ọ́ kedere pé èyíkéyìí nínú wọn lè ṣílẹ̀kùn kí lẹ́tà àṣẹ tó dé.

Ọ̀rọ̀ iye ló kù. Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò kárí ayé, fi 2,100 kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, sí ẹnì kan lójúmọ́, àti omi lítà 15 fún mímu, oúnjẹ sísè àti ìmọ́tótó. Mú èèyàn 10,000 fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí oúnjẹ gbígbẹ àti òróró ni, ó fi díẹ̀ lé ní ààbọ̀ kílò lórí ẹnì kan lójúmọ́. Jẹ́ ká fi í sí ààbọ̀ kó lè rọrùn. Kílò 5,000 nìyẹn lójúmọ́, tọ́ọ̀nù 15 fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́rì ńlá kan tàbí méjì ti gbé e. Wá wo omi: lítà 150,000 lójúmọ́, tọ́ọ̀nù 150. Omi ọjọ́ kan ṣoṣo wúwo tó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá. Síbẹ̀, nínú ètò tí mo ti kà, oúnjẹ ló ń gba ojú ewé, omi ò ju ìlà méjì lọ. O ò lè fi lọ́rì kó omi yẹn. Ohun tí wàá ṣe ni kó o lọ bá àwọn elétò omi, kó o bi wọ́n pé bí iná bá kú, kí ló máa fa omi sókè, jẹnẹrétọ̀ ta ni, dísù ọjọ́ mélòó ló wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ gbígbẹ tí kò sí omi tí wọ́n máa fi sè é, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

OníLọ́rì:

Màmá ti sọ̀rọ̀ awakọ̀, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ awakọ̀ fi tèmi kún un.

Ẹ ní kí káńsù pè wá kó tó di ọjọ́ náà. Àwọn kan pè mí lóru rí, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo gbé ẹrù, mo kọjá nínú omi tó dé táyà. Ìgbà tí mo lọ béèrè owó, wọ́n ní kí n mú ìwé tí wọ́n fi gbéṣẹ́ fún mi wá. Ìwé wo? Lórí fóònù lóru? Ọdún yí po kí n tó rí owó yẹn. Tí wọ́n bá tún pè lóru, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò ní gbọ́.

Tóò, àdéhùn tó máa ṣiṣẹ́ nìyí. Iye owó ti wà lórí ìwé, tọ̀tún-tòsì ti buwọ́ lù ú. Epo máa wọ inú tánkì kí ọkọ̀ tó ṣí, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Ìwé ìyọ̀ǹda wà lára gíláàsì kí ọlọ́pàá má fi mí sójú kan ní bàríkéèdì. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa afárá sọ fún mi iye tọ́ọ̀nù tí kálukú wọn lè gbà, torí lọ́rì tọ́ọ̀nù 30 ò ṣe é gbé gba orí afárá kékeré. Ẹ sì jọ̀ọ́, kí àwọn tó máa já ẹrù ti wà níbẹ̀! Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán rí torí kò sẹ́ni tó máa sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn tí ebi ń pa dúró yí mi ká, wọ́n ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ti omi lọ.

Nọ́ọ̀sìÀdúgbò:

Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀.

Akọ̀wéÈtò, nínú máàpù rẹ, ya àwọn ọmọ ọwọ́ sọ́tọ̀. Bí àjálù bá ti dé báyìí, àwọn aláàánú á máa kó wàrà inú agolo wá fún ọmọ ọwọ́. Kọ ọ́ sínú ètò pé ẹ ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà gbé e wá, ẹ ò sì ní pín in káàkiri. WHO àti UNICEF ti sọ èyí tipẹ́. Omi tí kò mọ́ ni wọ́n máa fi pò ó, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn á dáwọ́ dúró torí pé agolo wà, ọmú á gbẹ. Ọmọ tí kò rí ọyàn mu rárá ni kí òṣìṣẹ́ ìlera wá wàrà fún, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú omi tó hó. Kí àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn ní ibi tí wọ́n lè jókòó sí, kí wọ́n sì jẹun tiwọn yó.

Lẹ́yìn náà, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tí kò ní eyín. Oúnjẹ inú agolo tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lè dá aláìsàn kíndìnrín dùbúlẹ̀. Ẹ ò ní lè se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ lè se ìkòkò kan láìfi iyọ̀ sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ bù ú sí tirẹ̀.

Kí ètò rẹ sì ní ojú ewé kan fún ọjọ́ tí iná bá kú, kó wà lára ògiri gbogbo ilé ìdáná. Fíríìjì tí wọn ò bá ṣí lè dá oúnjẹ sí fún nǹkan bíi wákàtí 4. Fírísà tó kún lè gbé e dé wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, 24. Oúnjẹ tó ti jinná ò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ: bí wọn ò bá mú un gbóná ju ìwọ̀n 60 Selsíọ̀sì, kí wọ́n mú un tutù dé 5. Mo sọ èyí torí pé oúnjẹ ìrànwọ́ máa ń jinná láàárọ̀, wọ́n á ní ó di ìgbà tí àlejò pàtàkì bá dé kí wọ́n tó pín in.

Ọ̀kan tó kù: ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa lọ́dún 2020, WFP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 370 ọmọ káàkiri ayé ni kò rí oúnjẹ ilé-ìwé jẹ mọ́. Àwọn ọmọ tó wà nínú fáìlì rẹ nìyẹn. Bí ilé-ìwé bá tì, ṣé ilé ìdáná rẹ̀ náà máa tì? Ta ló láṣẹ láti ní kó wà ní ṣíṣí? Béèrè kó tó tì.

ÈróMiYàtọ̀:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Màmá, "má tíì ra ohunkóhun" yẹn ń ba èmi lẹ́rù. Orílẹ̀-èdè tó mọ ohun tó ń ṣe ń tò nǹkan pamọ́. Ní Swítsàlandì, òfin ló ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó oúnjẹ wọlé máa tọ́jú díẹ̀ lára rẹ̀ pamọ́. Ní Jàpáànì, ìjọba ń sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n ní oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, tó bá ṣeé ṣe, ti ọ̀sẹ̀ kan. Swídìn fi ìwé pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sí ilé gbogbo lọ́dún 2018, wọ́n tún ṣe é lọ́dún 2024, wọ́n ní kí kálukú lè dá ara rẹ̀ bọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí afárá bá já, máàpù ò ṣeé sè jẹ.

ÌyáSítọ́ọ̀:

ÈróMiYàtọ̀, máàpù ò ṣeé sè lóòótọ́. "Má tíì" ni mo wí, n kò ní "má ṣe."

Ti kí ilé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan nípamọ́, ó dára fún ẹni tó lágbára rẹ̀. Ẹni tó ń ra oúnjẹ òòjọ́, tó jẹ́ pé owó iṣẹ́ àárọ̀ ló fi ń ra oúnjẹ alẹ́, kí ló fẹ́ tò? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹni tí kò ní bàtà máa nu bàtà rẹ̀ lálaalẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni sítọ́ọ̀ káńsù wà fún.

Nítorí náà, ra ti ọjọ́ mẹ́ta, fún ìwọ̀nba àwọn tí rírìn kiri rẹ bá fi hàn ọ́ pé wọn ò ní nǹkan kan nílé. Pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì, ní ilẹ̀ gíga. Ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ ni kó máa yí: ilé ìdáná ilé-ìwé àti ti ilé ìwòsàn ni kó máa jẹ ẹ́ lóṣooṣù, kí tuntun máa rọ́pò rẹ̀. Èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ ni kó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹrù tó dé lẹ́yìn tí ọjọ́ tirẹ̀ sì pé ṣáájú. Fi pákó sábẹ́ àpò, kí àyè wà láàárín ẹrù àti ògiri tí èèyàn á lè gbà yí i ká. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ki ọwọ́ bọ àárín àpò ọkà. Bó bá gbóná, ọ̀rinrin tàbí kòkòrò ti wọ ibẹ̀, bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ìwé àkọsílẹ̀ ò lè sọ èyí fún ọ. Mo ti rí akọ̀wé tó mú kálámù wọlé, tó ka àpò, tó fọwọ́ sí i pé "ó pé", òórùn sì ti gba gbogbo yàrá. Ó pé lóòótọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àdéhùn ló kù, èyí kò sì ná ọ ní nǹkan kan títí ọjọ́ náà á fi dé. Ilẹ̀ mì ní Kobe, ní Jàpáànì, lọ́jọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1995, ó ju èèyàn 6,000 lọ tó kú. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà nílùú náà ti bá ìjọba ìlú ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀ pé bí pàjáwìrì bá dé, àwọn á pèsè àwọn ohun táráàlú nílò. Ilé tiwọn náà wó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí pé ẹnì kan ń wá ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ti mọ ohun tó kàn. Irú àdéhùn yẹn ni kó o bá àwọn oníṣòwò oúnjẹ ìlú rẹ ṣe, kó o sì fi gbogbo ohun tí OníLọ́rì sọ sínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ o, títí kan àwọn tó máa já ẹrù. Ṣọ́ọ̀bù kékeré inú àdúgbò náà ni kó o bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn ńláńlá nìkan. Wọ́n mọ ẹni tó ń jẹ wọ́n ní gbèsè, ìyẹn ni pé wọ́n mọ ẹni tí kò ní.

Bí ọjà bá sì ṣì wà ní ṣíṣí, tó jẹ́ owó nìkan ló já, fún àwọn èèyàn lówó, má fún wọn ní àpò. Bí ẹ bá kó oúnjẹ ọ̀fẹ́ dà sójú ọjà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ó pa oníṣòwò tẹ́ ẹ máa nílò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Akọ̀wéÈtò:

Ẹ ṣé gan-an ni, Màmá, àti gbogbo yín. Mo ti lọ bá ẹ̀ka ìlera, mo gba àkọsílẹ̀ wọn, a ti jọ ń tẹ́ máàpù. Obìnrin tó ni ilé ìtajà kékeré kan ti dárúkọ àwọn tí kò sí nínú fáìlì kankan fún mi.

Wàhálà mi báyìí ni ọ̀gá. Mo ṣàlàyé títí, ó ní "Ṣùgbọ́n kí ni a máa fi han àwọn èèyàn?" Ó ní máàpù ò ṣeé gé rìbọ́nì sí nídìí. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌyáSítọ́ọ̀:

Ọ̀gá rẹ ò ya wèrè. Ẹni tí wọ́n máa dìbò fún gbọ́dọ̀ ní ohun tí ojú rí. Wá a fún un.

Bó bá jẹ́ orúkọ ńlá ló fẹ́, ó wà. Àdéhùn Sendai tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 2015, tó máa lọ títí dé 2030, sọ ọ́ kedere pé kí ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ètò tirẹ̀ láti dín àjálù kù. Lọ́dún 2015 kan náà, lóṣù Kẹwàá, àwọn ìlú ńlá lé ní ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí àdéhùn Milan lórí ètò oúnjẹ ìlú. Fi méjèèjì sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó máa dùn mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ ohun tí èèyàn lè ṣí ló fẹ́, ilé ìdáná ni kó ṣí. Ní Belo Horizonte, ní Bràsíl, lọ́dún 1993, ìjọba ìlú ní oúnjẹ jẹ́ ẹ̀tọ́ ará ìlú, wọ́n sì dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní ilé oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, tolówó-tálákà lórí ìlà kan, ní owó pọ́ọ́kú. Gbogbo ètò náà ò gbà ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìlú ń ná lọ. Ilé ìdáná tó ń se fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójoojúmọ́ ti ní alásè, ìkòkò, ẹni tó ń gbé ọjà wá àti àwọn tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lọ́jọ́ àjálù, ìkòkò kún ìkòkò ló kù. Ní Puerto Rico tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tí kọ́ńtínà há, alásè José Andrés àti àjọ World Central Kitchen kó àwọn alásè ibẹ̀ jọ sínú àwọn ilé ìdáná tó ti wà nílẹ̀, abọ́ oúnjẹ tí wọ́n sè ju mílíọ̀nù 3 lọ.

Bí owó ilé ìdáná tuntun ò bá sí, ṣe ìdánrawò. Mú wọ́ọ̀dù kan, ọjọ́ Sátidé kan. Pa iná ilé ìdáná ilé-ìwé kan láti àárọ̀. Pe OníLọ́rì tìrẹ láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Ní kí ẹni kejì tó ní kọ́kọ́rọ́ wá ṣílẹ̀kùn, kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Kí oúnjẹ gbígbóná dé ẹnu ilẹ̀kùn gbogbo ẹni tí kò lè jáde ní wọ́ọ̀dù náà kó tó di ọ̀sán, kí ẹnì kan sì máa kọ ohun tó kùnà sílẹ̀. Nǹkan á kùnà, ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe é nìyẹn. Jẹ́ kí alága gbé abọ́ kan fún ìyá arúgbó kan fúnra rẹ̀, lórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Ó dára ju fọ́tò ẹni tó dúró níwájú àpò lọ.

Mú òṣìṣẹ́ àkáǹtì dání lọ́jọ́ yẹn, kó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi sanwó OníLọ́rì. Kó fojú ara rẹ̀ rí fọ́ọ̀mù tí kò sí.

OníLọ́rì:

Màmá, ẹ bá mi fi sí i pé kí wọ́n san án lọ́jọ́ Sátidé yẹn náà.